Fífi Kún Fólítéèjì Prósẹ́sọ̀ Láìba Kọ̀ǹpútà Jẹ́: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ẹni tó bá fẹ́ kí prósẹ́sọ̀ desktop òun sáré ju bí ilé iṣẹ́ ṣe gbé e jáde, ìdí fólítéèjì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò já sí. Ibẹ̀ náà ni owó ti ń ṣòfò jù. Ohun tí mo kọ síbí wà fún ẹni tó to kọ̀ǹpútà rẹ̀ fúnra rẹ̀, tàbí tó rà á ní títò, tó sì mọ bí wọ́n ṣe ń wọ inú BIOS, ojú ewé ètò tó ń ṣí kí Windows tó dé. Laptop kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Àyè tí afẹ́fẹ́ ń gbà nínú rẹ̀ ti kéré jù.

Kí ni fólítéèjì ní í ṣe pẹ̀lú iyára?

Prósẹ́sọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní 5 GHz ń gba ìlù bílíọ̀nù márùn-ún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Gbogbo transistor inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ parí iṣẹ́ ọwọ́ wọn kí ìlù tó tẹ̀ lé e tó dún, bí oníjó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ìlù mu. Bí ẹ bá mú ìlù yá, tí ẹ ò fi kún agbára tó ń dé ọ̀dọ̀ wọn, àwọn kan á pẹ́ dé, ìdáhùn tí kò tọ́ á sì wọ inú iṣẹ́. Fólítéèjì tó ga díẹ̀ sí i máa ń jẹ́ kí wọ́n tètè tàn, kí wọ́n sì tètè kú.

Àmọ́ fólítéèjì kì í dá rìn. Ooru ló ń mú lọ́wọ́. Bí iyára ṣe pọ̀ tó ni iná tí prósẹ́sọ̀ ń jẹ ṣe ń pọ̀, ṣùgbọ́n ní ti fólítéèjì, ẹ ó fi fólítéèjì sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ ni. Ẹ gbé e láti 1.20V sí 1.32V, ìyẹn ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún péré, iná tó ń jẹ á fi ìdá 21 lé sí i. Ẹ tún mú iyára náà lọ sókè ní ìdá 10, ó di ìdá 33. Prósẹ́sọ̀ tó ń jẹ 100 wọ́ọ̀tì tẹ́lẹ̀ ti di oní-133 wọ́ọ̀tì nìyẹn, heatsink (irin ìtutù) kan náà ló sì wà lórí rẹ̀.

Ṣé gbogbo prósẹ́sọ̀ ló gbà kí wọ́n fi kún un?

Rárá. Bó bá jẹ́ Intel, ẹ wo lẹ́tà tó parí orúkọ rẹ̀. K tàbí KF ni ẹ ń wá, bíi i7-8700K tàbí i5-12600KF, orí motherboard tí chipset rẹ̀ (chip tó ń darí board) bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Z ló sì gbọ́dọ̀ wà. Ẹ gbé K sórí board B660, ẹ ò ní rí iyára rẹ̀ yí padà. AMD lawọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọ̀pọ̀ jù lọ Ryzen ló wà ní ṣíṣí, B450, B550 àti X570 sì gbà á, ṣùgbọ́n A320 àti A520 kò gbà á. Ryzen 7 5800X3D wà ní títì nítorí pé cache (ibi ìpamọ́ kékeré inú prósẹ́sọ̀) tí wọ́n tò lé e lórí kò lè fara da fólítéèjì gíga.

Ọ̀pọ̀ desktop tokunbo tó wà lórí àtẹ ní Computer Village ní Ìkẹjà jẹ́ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, irú Dell OptiPlex àti HP EliteDesk. Wọ́n lágbára, wọ́n sì lálòpẹ́, àmọ́ BIOS wọn kò ní ojú ibi tí ẹ ti lè yí fólítéèjì padà. Kí ẹnikẹ́ni má gba owó lọ́wọ́ yín pé òun á bá yín ṣí i. Ẹ fi owó yẹn ra SSD àti RAM. Ẹ ó mọ̀ ọ́n lára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ni kí n ṣe kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan?

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ẹ dúró sí. Ẹ ṣí HWiNFO (ètò tó ń fi ooru àti fólítéèjì hàn), kí ẹ jẹ́ kí Cinebench R23 (ètò tó ń fi iṣẹ́ wíwúwo dán prósẹ́sọ̀ wò) ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìtíì yí ohunkóhun padà. Ẹ kọ nǹkan mẹ́ta sílẹ̀: Vcore (fólítéèjì tó ń dé inú prósẹ́sọ̀) nígbà tí iṣẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ìwọ̀n ooru tó ga jù, àti iyára tí gbogbo core (apá prósẹ́sọ̀ tó ń dá ṣiṣẹ́) jọ ń sá. Bí ooru bá ti wọ 85°C nígbà tí ẹ ò tíì ṣe nǹkan kan, ọ̀rọ̀ yín kò tíì kan fólítéèjì rárá. Ẹ tú heatsink, ẹ fi isopropyl alcohol nu thermal paste àtijọ́ tó ti gbẹ kúrò, ẹ fi tuntun sí i, ẹ fẹ́ eruku dànù. Fáànù kékeré tó bá prósẹ́sọ̀ wá nínú páálí kò tó fún iṣẹ́ yìí.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ socket. Àwọn nǹkan dúdú kéékèèké tó tò yí i ká ni VRM. Àwọn ló ń sọ 12V tó wá láti power supply di 1.2V tí prósẹ́sọ̀ ń lò. Bí kò bá sí irin ìtutù kankan lórí wọn, board yẹn kò yẹ fún prósẹ́sọ̀ oní-core mẹ́jọ tí ẹ fẹ́ fi iná kún iná fún. Ẹ rí i pé okùn 8-pin tó ń fún CPU níná wọlé dáadáa. Power supply tí wọ́n fi kún kèésì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ má gbára lé e.

Ẹ fi fóònù ya àwòrán gbogbo ojú ewé BIOS bó ṣe wà. Ẹ ṣe àdàkọ fáìlì yín sórí dísíìkì mìíràn, nítorí prósẹ́sọ̀ tí kò dúró dáadáa lè ba fáìlì jẹ́ láìsọ fún yín. Bí BIOS yín bá ti pẹ́, ẹ gba tuntun, ṣùgbọ́n ẹ ṣe é nígbà tí ẹ bá wà lórí UPS tàbí inverter. Bí wọ́n bá mú iná lọ láàárín ìgbà tó ń kọ BIOS tuntun, board lè má jí mọ́.

Fólítéèjì mélòó gan-an ni kò léwu?

Ó dá lórí ìran prósẹ́sọ̀ náà, ó sì dá lórí bí ẹ ṣe ń tù ú nínú ooru. Ẹ má fi ti ọ̀kan wọn èkejì. Core i5-2500K àti i7-2600K tó jáde ní 2011 jẹ́ 32 nm (òǹkà tí wọ́n fi ń sọ bí àwọn nǹkan inú rẹ̀ ṣe kéré tó). Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló lò wọ́n ní 4.5 GHz pẹ̀lú nǹkan bí 1.30V sí 1.35V fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn 14 nm Intel bíi 8700K àti 9900K, 1.35V ni mo máa ń ní kí ènìyàn dúró sí bí heatsink rẹ̀ bá dára, 1.40V wà fún ẹni tó ní ìtutù omi tó péye, tó sì gbà láti fara mọ́ ewu rẹ̀. Ryzen 5000 tó jẹ́ 7 nm, bí ẹ bá fẹ́ de gbogbo core rẹ̀ mọ́ iyára kan ṣoṣo, ẹ má kọjá 1.25V sí 1.30V lábẹ́ iṣẹ́ wíwúwo.

Òǹkà wọ̀nyí jẹ́ ti Vcore tí ẹ rí nígbà tí gbogbo core ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ti ohun tí ẹ tẹ̀ sínú BIOS. Méjèèjì lè fi 0.08V yàtọ̀ síra. N ó sọ ìdí rẹ̀ níbi tí a bá ti dé ọ̀rọ̀ LLC.

Intel kọ 1.52V sínú ìwé prósẹ́sọ̀ mi. Ṣé mi ò wá lè lo 1.5V?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Òǹkà yẹn ni òkè ibi tí prósẹ́sọ̀ lè béèrè dé, ó sì máa ń béèrè bẹ́ẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ fúyẹ́, tí iná tó ń ṣàn kò pọ̀. Bí iṣẹ́ bá ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn, fólítéèjì tó dé inú rẹ̀ á ti wálẹ̀ gan-an. Ẹni tó bá de 1.5V mọ́ gbogbo core, tó tún jẹ́ kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ wíwúwo, ti ṣe ohun tí ìwé náà kò sọ.

Báwo ni fólítéèjì ṣe ń ba prósẹ́sọ̀ jẹ́ gan-an?

Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀. Èkíní, okùn irin tín-ín-rín inú prósẹ́sọ̀: iná tó pọ̀ jù tó ń ṣàn gba inú rẹ̀ kọjá máa ń ti átọ̀mù irin náà kúrò ní ipò wọn díẹ̀díẹ̀, títí ọ̀nà á fi dí tàbí á já. Electromigration ni wọ́n ń pè é. James Black ní ilé iṣẹ́ Motorola ló ṣe ìṣirò rẹ̀ jáde ní 1969, ìṣirò náà sì fi hàn pé ooru ń dín ọjọ́ ayé irin náà kù lọ́nà tó le ju bí ènìyàn ṣe rò lọ. Èkejì, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ya ẹnu ọ̀nà transistor sọ́tọ̀: fólítéèjì gíga máa ń lu awọ yẹn títí á fi dá a lu.

Ìdí nìyẹn tí fólítéèjì àti ooru kò fi ṣe é yà sọ́tọ̀. 1.35V ní 65°C àti 1.35V ní 95°C kì í ṣe nǹkan kan náà.

Kò sì sí pé ó gbọ́dọ̀ pẹ́ kó tó ṣẹlẹ̀. Nígbà ayé Pentium 4 Northwood, tó jẹ́ 130 nm, tí fólítéèjì rẹ̀ kò ju 1.5V lọ púpọ̀ láti ilé iṣẹ́, àwọn tó gbé e kọjá 1.7V rí i tí prósẹ́sọ̀ wọn kú lójijì. Ohun tí ìran tó ṣáájú rẹ̀ fara dà ni wọ́n ṣe fún un.

Kí ló dé tí ẹ fi ń ní ká má fi Vcore sílẹ̀ sí Auto?

Nítorí pé bí ẹ bá ti gbé multiplier (òǹkà tó ń pinnu iyára; 47 ni 4.7 GHz) sókè, board kò mọ ohun tí prósẹ́sọ̀ tiyín nílò. Á kàn fún un ní èyí tó máa tó prósẹ́sọ̀ tó burú jù lọ nínú irú rẹ̀. Ẹ lè bá 1.42V níbi tí 1.28V ti tó. Ooru tí kò yẹ kó wà rárá ni ẹ ń fi fáànù lé kiri. Bí ẹ ò bá fẹ́ yí nǹkan kan padà, ẹ fi multiplier àti Vcore méjèèjì sílẹ̀ sí Auto, kò séwu níbẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá yí ọ̀kan tí ẹ sì fi èkejì sílẹ̀ ni ìṣòro ń bẹ̀rẹ̀.

Fixed, offset àti adaptive, èwo ni kí n mú?

Ọ̀nà mẹ́ta tí BIOS gbà ń jẹ́ kí ẹ tẹ Vcore nìyẹn. Ní àkókò ìdánwò, ẹ lo fixed. Òǹkà kan ṣoṣo ni, ẹ ó mọ ohun tí ẹ ń dánwò. Nígbà tí ẹ bá ti rí ibi tó dúró sí, ẹ gbé e lọ sí adaptive tàbí offset, kí fólítéèjì lè máa wálẹ̀ nígbà tí ẹ kàn ń ka nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Adaptive ló wù mí jù lórí Intel, torí pé ìgbà tí iyára bá ga nìkan ni fólítéèjì tí ẹ fi kún un ń ṣiṣẹ́. Offset máa ń fi kún gbogbo ibi, títí kan ibi tí kò nílò rẹ̀.

Kí ni LLC? Ṣé kí n gbé e dé òkè pátápátá?

Èyí ni ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù.

Bí prósẹ́sọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wíwúwo lójijì, fólítéèjì tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ máa ń já wálẹ̀. Ẹ tẹ 1.35V sínú BIOS, ẹ bẹ̀rẹ̀ Cinebench, ẹ wo HWiNFO: ẹ lè bá 1.27V níbẹ̀. Vdroop ni. Kì í ṣe àbùkù board. Àwọn tó ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, torí pé bí iṣẹ́ bá dúró lójijì, fólítéèjì máa ń fò sókè fún ìṣẹ́jú bíńtín kó tó padà sí àyè rẹ̀. Bó bá ti wà nísàlẹ̀ kó tó fò, ibi tó máa fò dé kò ní ga jù.

LLC (Load-Line Calibration) ni ètò tó ń dín jíjá yẹn kù. Ẹ gbé e dé òkè pátápátá, jíjá náà á lọ, àmọ́ fífò náà á wá ga kọjá 1.35V tí ẹ tẹ̀. HWiNFO kò ní fi í hàn yín, nítorí ó ń wò ó lẹ́ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì, nígbà tí fífò náà ti wá tó sì ti lọ. Oscilloscope nìkan ló lè mú un. Nítorí náà, àárín ni kí ẹ mú, kí ẹ jẹ́ kí fólítéèjì já díẹ̀ lábẹ́ iṣẹ́.

Ẹ ṣọ́ra fún bí wọ́n ṣe ń ka ipele rẹ̀, torí kò dọ́gba. Lórí board ASUS, nọ́ńbà tó ga ni ó le jù. Lórí ASRock, Level 1 ló le jù, lórí MSI náà Mode 1 ló le jù. Gigabyte ń fi orúkọ pè é, irú Turbo àti Extreme. Ẹni tó bá ka ìtọ́ni tí wọ́n kọ fún ASUS, tó wá tẹ òǹkà kan náà sórí ASRock, lè ṣe òdìkejì ohun tó fẹ́ ṣe. Ọ̀pọ̀ BIOS máa ń ya ìlà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ètò náà: ìlà tó dagẹ̀rẹ̀ wálẹ̀ fi hàn pé fólítéèjì ń já, èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ ló le jù.

Ẹ bá mi mú prósẹ́sọ̀ kan, kí ẹ fi hàn mí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹ jẹ́ ká mú i7-8700K, tó jáde ní 2017, core mẹ́fà, lórí board Z370. Láti ilé iṣẹ́, 4.3 GHz ni gbogbo core rẹ̀ jọ ń sá. Àwọn òǹkà tí mo fẹ́ lò yìí jẹ́ àpẹẹrẹ. Prósẹ́sọ̀ méjì tó jáde láti páálí kan náà kì í dọ́gba.

Ẹ tẹ multiplier gbogbo core sí 47, Vcore fixed sí 1.25V, LLC sí àárín. Ẹ fi ètò náà pamọ́, ẹ wọ Windows. Cinebench R23 ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bó bá kọjá, tí ooru kò sì ju 80°C lọ, ẹ padà, ẹ tẹ 48. Ẹ tún ṣe é. Bó bá kú ní 49, bóyá Cinebench kàn pa ara rẹ̀ tàbí ojú kọ̀ǹpútà di búlúù, ẹ fi 0.01V tàbí 0.02V kún un, kì í ṣe 0.05V. Sùúrù ni iṣẹ́ yìí. Fífò 0.05V lẹ́ẹ̀kan náà kò ní jẹ́ kí ẹ mọ ibi tó ti tó.

Ká ní ó dúró ní 4.9 GHz pẹ̀lú 1.29V. Ẹ wá gbé e sí 5.0 GHz, ẹ rí i pé kò gbà títí ẹ fi dé 1.36V. Ẹ dúró kí ẹ ṣírò rẹ̀. Ẹ ti fi 0.07V kún un nítorí 100 MHz. Iyára fi ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ga; iná tó ń jẹ fi nǹkan bí ìdá 13 ga. Níbi tí 100 MHz bá ti ń béèrè ju 0.05V lọ, ẹ ti kọjá ibi tó dára fún prósẹ́sọ̀ yín. Ẹ padà sí 4.9. Mo mọ̀ pé 5.0 dùn ún pè lẹ́nu, ṣùgbọ́n eré kankan ò ní fi ìdá 2 yẹn hàn lójú yín.

Lẹ́yìn èyí ni ìdánwò gígùn: OCCT tàbí Prime95 fún wákàtí kan ó kéré tán, kí ẹ tó wá lò ó fún iṣẹ́ yín gan-an fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìdánwò Small FFTs inú Prime95 pẹ̀lú AVX (ìtọ́ni ìṣirò wíwúwo) máa ń fa iná ju iṣẹ́ ojoojúmọ́ lọ fíìfíì, nítorí náà ẹ má fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ lórí rẹ̀ kí ẹ bá tiyín lọ. Ẹ jókòó tì í ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Bó bá kọjá 95°C, ẹ pa á.

Yàrá mi ń gbóná. Ṣé ìyẹn kan ọ̀rọ̀ yìí?

Ó kàn án gidigidi. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ẹ ń wò lórí YouTube wà nínú yàrá 20°C sí 22°C. Yàrá tí kò ní AC ní Ìbàdàn lóṣù Ẹrẹ́nà lè wà ní 34°C. Heatsink kò lè mú prósẹ́sọ̀ tutù ju afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ sí i lọ: bí yàrá bá fi 12°C gbóná ju tiwọn, prósẹ́sọ̀ yín á fi nǹkan bí 12°C gbóná ju tiwọn. Ẹni tó rí 78°C lọ́hùn-ún, 90°C ni ẹ ó rí níhìn-ín pẹ̀lú ètò kan náà.

Nítorí náà, ọ̀sán gangan ni kí ẹ ṣe ìdánwò, nígbà tí oòrùn bá mú jù, tí AC bá wà ní pípa. Ètò tó bá dúró ní aago méjì ọ̀sán á dúró ní òru. Èyí tí ẹ dánwò ní òru, kò dájú pé á dúró ní ọ̀sán. Bí ọyẹ́ bá dé, eruku rẹ̀ á wọ inú heatsink láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹ máa tú ẹ̀gbẹ́ kèésì wò lóṣooṣù ní àkókò yẹn.

Iná NEPA ń lọ sókè ń lọ sílẹ̀. Ṣé Vcore mi náà á máa lọ sókè lọ sílẹ̀?

Rárá, wọ́n kì í ṣe ọ̀kan náà. Power supply tó dára á gba iná ògiri, bó bá jẹ́ 190V tàbí 240V, á sọ ọ́ di 12V tó dúró ṣinṣin, VRM á wá sọ ìyẹn di Vcore. Ibi tí ewu wà ni kí iná já lójijì nígbà tí Windows ń kọ fáìlì, tàbí kí jẹnẹrétọ̀ gbé fólítéèjì tó ga gan-an wọlé kó sì jó power supply. Ẹ fi stabilizer àti UPS síwájú rẹ̀. Ẹ sì ṣírò UPS náà dáadáa, torí kọ̀ǹpútà tí ẹ ti overclock (mú yá ju ti ilé iṣẹ́ lọ) ń jẹ wọ́ọ̀tì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. UPS tó ń gbé e tẹ́lẹ̀ lè pa ara rẹ̀ nígbà tí eré bá ń lọ.

Ryzen mi ń fi 1.45V hàn nígbà tí mi ò ṣe nǹkan kan. Ṣé ó ti fẹ́ jó ni?

Kò jó. Bí Ryzen ṣe ń ṣe nìyẹn. Nígbà tí core kan péré bá fẹ́ sáré díẹ̀, á gba fólítéèjì gíga fún ìṣẹ́jú kékeré, iná tó ń ṣàn kò sì pọ̀. Bí gbogbo core bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, á sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Àṣìṣe tó máa ń pa prósẹ́sọ̀ níbí ni kí ènìyàn rí 1.45V yẹn, kó ní "ó ṣáà ń lò ó tẹ́lẹ̀," kó wá de é mọ́ gbogbo core. Ìyẹn yàtọ̀ pátápátá.

Lórí Ryzen 5000 sókè, mi ò tilẹ̀ ń gba ènìyàn nímọ̀ràn láti de fólítéèjì mọ́. PBO pẹ̀lú Curve Optimizer, ètò AMD méjì tó wà nínú BIOS, ló dára jù: ẹ ń dín fólítéèjì core kọ̀ọ̀kan kù ni, prósẹ́sọ̀ á sì fi àyè ooru tó rí gbà mú iyára ara rẹ̀ ga. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti -10 lórí gbogbo core.

Kí ni àmì pé fólítéèjì kò tó?

Ojú búlúù tó ń sọ WHEA_UNCORRECTABLE_ERROR tàbí CLOCK_WATCHDOG_TIMEOUT. Kọ̀ǹpútà tó kàn pa ara rẹ̀ tó tún tan. Eré tó ń jáde sí Windows láìsọ nǹkan kan. Èyí tó fara pamọ́ jù ni àṣìṣe tí prósẹ́sọ̀ tún ṣe fúnra rẹ̀: ẹ ṣí Event Viewer, ẹ wá WHEA-Logger. Bó bá wà níbẹ̀ lẹ́yìn ìdánwò, kò tíì dúró, kódà bí ìdánwò náà kọjá.

Lórí Ryzen, ó lè má kú rárá. Á kàn máa rọra falẹ̀. HWiNFO á ní 4.7 GHz, ṣùgbọ́n ẹ wo ìlà Effective Clock (iyára tó ń sá gan-an), ẹ lè bá 4.4 níbẹ̀, máàkì Cinebench á sì wálẹ̀ dípò kó gòkè.

Mo gbọ́ pé àwọn prósẹ́sọ̀ tuntun ń bàjẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni overclock wọn.

Òótọ́ ni, ó sì yẹ kí gbogbo wa kọ́gbọ́n níbẹ̀. Ní 2023, àwọn Ryzen 7 7800X3D kan jó nínú socket nítorí board ń fún SoC (apá prósẹ́sọ̀ tí kì í ṣe core) ní fólítéèjì tó pọ̀ jù. AMD wá fi BIOS tuntun dé e mọ́ 1.3V. Ní 2024, ariwo ta pé Core ìran kẹtàlá àti ìkẹrìnlá ti Intel ń ṣe ségesège. Intel sọ pé fólítéèjì tí prósẹ́sọ̀ ń béèrè ti ga jù, wọ́n gbé microcode 0x129 (ìtọ́ni inú prósẹ́sọ̀ tó ń bá BIOS wá) jáde lóṣù Kẹjọ ọdún yẹn, wọ́n sì fi ọdún méjì kún àtìlẹ́yìn wọn. Bó bá jẹ́ i9-13900K tàbí i9-14900K ni ẹ rà, pàápàá tokunbo, BIOS tuntun ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sí i kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Ohun tó ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀, microcode kò lè tún un ṣe.

Kò tan mọ́ lẹ́yìn tí mo yí ètò padà. Ṣé mo ti pa á?

Ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ yọ okùn iná, ẹ tẹ bọ́tìnnì tí ẹ fi ń tan kọ̀ǹpútà fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Ẹ wá bátìrì roboto CR2032 lórí board, ẹ yọ ọ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, tàbí kí ẹ so pin CLR_CMOS méjèèjì pọ̀ bí ìwé board ṣe sọ. Ẹ dá a padà, ẹ tan án, kí ẹ sì dúró dè é díẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ máa ń pẹ́.

Àtìlẹ́yìn ilé iṣẹ́ ńkọ́?

Intel àti AMD kò ní san owó prósẹ́sọ̀ tó bàjẹ́ nípa overclocking. Intel ní ètò kan tẹ́lẹ̀ tí ènìyàn lè rà fún irú rẹ̀, wọ́n ti dá a dúró ní 2021. Ẹ fi sọ́kàn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ó ti dúró dáadáa láti ọjọ́ pípẹ́, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kú báyìí. Ṣé kí n fi kún fólítéèjì?

Ẹ má tíì fi kún un. Ẹ wo ooru ná: ṣé ó ga ju èyí tí ẹ kọ sílẹ̀ nígbà yẹn? Bó bá ga, eruku tàbí paste tó gbẹ ni. Ẹ dá RAM padà sí ètò ilé iṣẹ́, kí ẹ fi MemTest86 yẹ̀ ẹ́ wò, torí RAM ló ń fa ìdajì àwọn wàhálà tí wọ́n ń di ru prósẹ́sọ̀, bí mo ṣe rí i sí.

Bí ooru àti RAM bá dára, a jẹ́ pé prósẹ́sọ̀ náà ti gbó díẹ̀. Fólítéèjì tó tó o tẹ́lẹ̀ kò tó o mọ́. Ẹni tó bá fi 0.02V kún un lónìí á tún fi kún un lóṣù tó ń bọ̀, gbígbó náà á sì máa yára sí i. Ẹ sọ iyára rẹ̀ kalẹ̀ ní 100 MHz, kí ẹ fi fólítéèjì sílẹ̀ níbi tó wà, kí ẹ tún ìdánwò ṣe. Bó bá dúró fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ gbìyànjú láti dín fólítéèjì náà kù ní 0.02V.